Gíláàsì Ọkọ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Gòkè Mọ́: Ẹ Tẹ́tí Sí I Kí Ẹ Tó Tú Ilẹ̀kùn

Lọ́jọ́ tí òjò ká mi mọ́ Olú-Òde ní Òṣogbo, àgbàdo sísun lásán ni mo fẹ́ rà. Mo tẹ bọ́tìnnì, gíláàsì ọwọ́ mi sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Bí mo ṣe ń gba ṣéńjì, owó já bọ́ sílẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ṣa owó mi, mo pa ilẹ̀kùn dé gbàmù. Mo tún tẹ bọ́tìnnì kí gíláàsì gòkè, kò dá mi lóhùn. Mo tẹ̀ ẹ́ títí àtàǹpàkò mi fi ń ro mí. Àsìkò ọdún Ọ̀ṣun ni, nínú oṣù kẹjọ, àlejò kún ìlú, ọkọ̀ tò lọ rẹrẹ lójú títì, òjò sì ti ń ṣú bọ̀ láti apá Òkè-Fíà. Kí n tó ráàyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ti dé. Mo ki àdìrẹ oníbàárà tó wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ mi sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo wá jókòó síbẹ̀, òjò ń pa mí nínú ọkọ̀ ara mi, àgbàdo wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ fi owó tó já bọ́ yẹn sọ́kàn o. A óò padà síbẹ̀.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá láàárọ̀ ọjọ́ kejì kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí. "Máṣíìnì ti kú, mà." Mo ra tòkunbọ̀, ó bá mi dè é, gíláàsì gòkè, mo sanwó, mo dúpẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ó tún dákẹ́. Ọmọdékùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ réwáyà ní apá Old Garage ló bá mi yanjú rẹ̀. Ó jókòó sí àyè dírẹ́bà, ó fi ọwọ́ kan tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, ó wá ń fi ọwọ́ kejì ṣílẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀kùn ò tíì ṣí dé ìdajì tí gíláàsì fi ta kìjí bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́. "Mọ́mì, ṣé ẹ rí i? Kò sóhun tó ṣe máṣíìnì yín. Wáyà ló já." Ó bọ́ rọ́bà dúdú tó so ilẹ̀kùn mọ́ ara ọkọ̀, ó sì fa wáyà kan hàn mí. Ó ti já sí méjì, imú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ojú méjèèjì kàn ń fara kanra nígbà tó bá wù wọ́n.

Mi ò pe mẹkáníìkì àkọ́kọ́ lólè. Nígbà tó ń tú ilẹ̀kùn, ó fa wáyà yẹn síbí, ó fà á sọ́hùn-ún, ojú wáyà tún pàdé, òun náà gbà lóòótọ́ pé máṣíìnì tuntun ló ṣe é. Ohun tí kò ṣe ni pé kò tẹ́tí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn réwáyà ní ìbéèrè bí ọmọ ilé ìwé, mo sì ti rí i pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ lè fi etí àti ìka rẹ̀ mọ ibi tí àìsàn páwà wíńdò wà, kí ẹnikẹ́ni tó fi skúrúdíráfà kan ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀kùn. Nítorí pé ọkọ̀ gan-an là ń pè ní mọ́tò, máṣíìnì ni àwọn oníṣẹ́ ń pe ohun tó ń gbé gíláàsì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nǹkan méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan yìí. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ iná kékeré kan, tí kò ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ púpọ̀, òun ló ń yí. Ìkejì ni irin àti okùn onírin tó gbé gíláàsì dání. Ẹ rò ó bí kànga. Ẹni tó ń fa omi ni ẹ̀rọ iná, okùn àti kẹ̀kẹ́ orí kànga ni ìkejì, gíláàsì ni dọ́rọ̀. Tí okùn bá já, ẹni tó ń fà á lè lágbára bí erin, dọ́rọ̀ ò ní gòkè. Tó bá sì jẹ́ pé ẹni tó ń fà á ló kú, okùn tuntun ò wúlò fún un. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní máṣíìnì yín bàjẹ́, ẹ bi wọ́n pé: èwo nínú méjèèjì? Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ṣeé ṣe láti pààrọ̀ ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀.

Iná tó ń yí i ń ti orí bátìrì bọ̀. Ó ń gba inú fíúsì kọjá, ó ń gba inú rọ́bà dúdú yẹn wọ ilẹ̀kùn dírẹ́bà lọ sí súíìṣì ńlá tó wà níbẹ̀, láti ibẹ̀ ló tún ń gba inú rọ́bà ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan lọ sí súíìṣì ilẹ̀kùn náà, kó tó dé ibi ẹ̀rọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń gùn níhìn-ín, wáyà méjì péré ló wọ ẹ̀rọ náà. Nígbà tí ẹ ò tíì tẹ nǹkan kan, nẹ́gẹ́tíìfù ni méjèèjì. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sókè, ọ̀kan á di pósítíìfù. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, èkejì ni yóò dì í. Ẹ̀rọ kan náà ló ń yí sọ́tùn-ún tó tún ń yí sósì, súíìṣì ló ń sọ èyí tí yóò yí sí fún un. Ẹ óò rí ìwúlò èyí láìpẹ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ rèé: ṣé gíláàsì kan ni, àbí gbogbo wọn? Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa ará Òṣogbo ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ìlú wa níbí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná ọba fún gbogbo Nàìjíríà wà. (Pé iná ò sí nílé àwa fúnra wa, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Tí iná bá lọ, ta ló ń kọ́kọ́ tú gílóòbù? A máa ń yọjú wo ilé aládùúgbò ni. Tí tiwọn bá ń tàn, tiwa ló ní ìṣòro. Tí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn, kò kan gílóòbù wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀. Ó ṣòro kí máṣíìnì mẹ́rin kú lọ́jọ́ kan náà. Tí gbogbo gíláàsì bá kọ̀ pọ̀, ẹ wo fíúsì. Tó bá jẹ́ pé ti dírẹ́bà nìkan ló ń ṣiṣẹ́, tí mẹ́ta tó kù kọ̀, ẹ wo bọ́tìnnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ súíìṣì dírẹ́bà, èyí tí wọ́n ń fi ti gíláàsì pa nítorí àwọn ọmọdé. Ẹnìkan wà ní Òkè-Baálẹ̀ tó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ réwáyà láti Sátidé dé Mọ́ńdè nítorí bọ́tìnnì yìí. Ìgbọ̀nwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní sọ ẹni tó jẹ́, ó ń ka ọ̀rọ̀ yìí.

Fíúsì kò le. Àpótí rẹ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá dírẹ́bà, òmíràn sì wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Inú ìdérí rẹ̀ ni wọ́n ya àwòrán sí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "P/W" tàbí "POWER" sí. Ti wíńdò sábà máa ń jẹ́ 20 tàbí 30. Nínú irú fíúsì pẹlẹbẹ tó wọ́pọ̀, yẹ́lò ni 20, àwọ̀ ewé ni 30. Tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ bá já, ẹ fi èyí tó ní nọ́ńbà kan náà rọ́pò rẹ̀. Tí tuntun bá tún jó, ẹ má rà á lẹ́ẹ̀kẹta: wáyà kan ti bó níbìkan tó ń fara kan irin ọkọ̀. Ẹni tó bá sì ní òun á bá yín fi wáyà tàbí bébà sìgá dí ojú fíúsì, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Fíúsì ń jó kí ọkọ̀ má baà jó ni.

Tó bá jẹ́ gíláàsì kan péré ló kọ̀, etí ló kù. Ẹ pa rédíò, ẹ pa fáànù. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù yóò tàn, ẹ má tíì sítáàtì, nítorí ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ nǹkan. Ẹ tan iná àjà ọkọ̀. Ẹ wá gbé etí sún mọ́ ilẹ̀kùn kí ẹ tẹ bọ́tìnnì.

Tí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń yí hùùù nínú lọ́hùn-ún, àmọ́ tí gíláàsì dúró bí ère, tàbí tó já wọnú ilẹ̀kùn gbì, okùn kànga ló já. Tó bá jẹ́ kàrà-kàrà lẹ ń gbọ́, bí ajá tó ń jẹ egungun, okùn náà ti ń tú tàbí ó ti lọ́ mọ́ra. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́, torí bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń já sí i, ó sì lè fa ẹ̀rọ tó ṣì dára náà kú. Irin àti okùn lẹ óò rà.

Tí ẹ bá gbọ́ kọ́ kan ṣoṣo, tí iná àjà sì ṣẹ́jú tàbí tó rẹ̀ díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, iná ń dé ibi ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò kàn lágbára láti yí ni. Bóyá gíláàsì há, bóyá ẹ̀rọ ti darúgbó.

Tó bá dákẹ́ rọ́rọ́, tí iná àjà ò mira, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ná owó tí kò yẹ. Nítorí ìdákẹ́jẹ́ yìí kò sọ pé ẹ̀rọ ti kú. Ohun tó ń sọ ni pé iná ò kọjá níbìkan, ibẹ̀ sì lè jẹ́ súíìṣì, ó lè jẹ́ wáyà, ó sì lè jẹ́ inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n wà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì gba irinṣẹ́ kankan.

Súíìṣì kọ́kọ́. Gbogbo ilẹ̀kùn èrò ló ní súíìṣì méjì: tiẹ̀ àti ti ọ̀dọ̀ dírẹ́bà. Tí gíláàsì ẹ̀yìn bá ń gbọ́ ti súíìṣì ẹ̀yìn ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ ti dírẹ́bà, ẹ̀rọ àti wáyà inú ilẹ̀kùn yẹn yè kooro. Súíìṣì dírẹ́bà ni ẹ óò tọ́jú. Ẹ ṣọ́ra fún òdìkejì rẹ̀ o: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná ilẹ̀kùn èrò ń gba inú súíìṣì ńlá dírẹ́bà kọjá, nítorí náà súíìṣì dírẹ́bà tó bàjẹ́ lè pa gíláàsì tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ rárá. Tí gíláàsì bá ń sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, tó wá dákẹ́ láìdún pínpín tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sókè, ẹ rántí ohun tí mo sọ lókè: ẹ̀rọ kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Ẹ̀rọ tó ń sọ̀ kalẹ̀ kò tíì kú. Ojú irin tó wà fún "òkè" nínú súíìṣì ló sábà máa ń jó. Tó bá sì dún, tó ń gbìyànjú àmọ́ tí kò lè gòkè, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Ìgòkè wúwo ju ìsọ̀kalẹ̀ lọ, ẹ wo rọ́bà etí gíláàsì àti agbára ẹ̀rọ. Súíìṣì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì sábà máa ń bára wọn mu. Ẹ yọ ti ọ̀tún sí òsì, kí ẹ wò ó bóyá àìsàn yóò bá súíìṣì lọ. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ohun tó ń ba súíìṣì dírẹ́bà jẹ́ ní ìlú yìí ni òjò àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Orí ibi tí à ń gbé ọwọ́ lé ló wà, ojú rẹ̀ là sókè, gbogbo ìgbà tí a bá gbàgbé gíláàsì sílẹ̀ nínú òjò ló ń mu omi. Lásìkò ọyẹ́, eruku pupa á tún wọlé. Réwáyà tó bá mọ iṣẹ́ á tú u, á fi nǹkan ìfọ-súíìṣì fín in, yóò sì tún máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ síi.

Wáyà ló kàn, owó mi tó já bọ́ sì rèé. Rọ́bà dúdú tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀, nídìí ìdè ilẹ̀kùn, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn ló ń nà, tí ẹ bá tì í ló ń ká. Wáyà inú rẹ̀ ń ká pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ro iye ìgbà tí ilẹ̀kùn dírẹ́bà ń ṣí lójúmọ́, ẹ fi ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà ni wáyà sábà máa ń kọ́kọ́ já. Gíláàsì mi ṣiṣẹ́ kí n tó ṣílẹ̀kùn, kò ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí mo tì í. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà láàárín méjèèjì ni ilẹ̀kùn yẹn. Ìdáhùn ti wà níwájú mi nígbà tí àgbàdo mi ṣì ń gbóná. Àmì mìíràn ni pé wáyà kì í dá nìkan kú níbẹ̀: tí sípíkà ilẹ̀kùn yẹn bá ń já, tí lọ́ọ̀kù rẹ̀ náà bá ń ṣe ségesège lásìkò kan náà, ẹ má wulẹ̀ wo ibòmíràn. Ẹ ṣe ohun tí ọmọdékùnrin yẹn ṣe: ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, ẹ máa ṣílẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tún máa tì í bọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ so ó, kí wọ́n fi wáyà kékeré mìíràn sí i láàárín kó gùn díẹ̀, kí wọ́n fi òjé jó o. Wáyà tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀, tí wọ́n fi téèpù dì, kò ní pẹ́ já lẹ́ẹ̀kan síi.

Ẹ̀rọ ló kù. Kí ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, kí ẹnì kejì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ wà. Tí gíláàsì bá jí, káábọ́ọ̀nù tó ń gbé iná wọ inú ẹ̀rọ ti jẹ tán. Yóò ṣiṣẹ́ lónìí, kò ní ṣiṣẹ́ lọ́la, ẹ máa wá owó rẹ̀. Tí kò bá jí, réwáyà á tú bébà ilẹ̀kùn, ìyẹn pátákó tó bo inú ilẹ̀kùn, á fi gílóòbù tésítà sáàárín wáyà méjèèjì tó wọ ẹ̀rọ. Tí gílóòbù bá tàn nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sókè, tó tún tàn nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, tí ẹ̀rọ kò sì yí, ó tó, ẹ̀rọ ti kú lóòótọ́. Ẹ ní kó ṣe é níṣojú yín. Ìṣẹ́jú kan ló gbà, òun ni kò sẹ́ni tó ṣe fún mi lọ́jọ́ náà. Àwọn ọkọ̀ tuntun tí wáyà ẹ̀rọ wọn ju méjì lọ ní kọ̀ǹpútà nínú. Kí ẹnikẹ́ni má fi gílóòbù dán ìyẹn wò, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò kọ̀ǹpútà ló ni ín.

Ìdákẹ́jẹ́ kan tún wà tí kì í ṣe àìsàn. Tí àwọn ọmọ bá ń fi gíláàsì ṣeré, sókè sísàlẹ̀, ẹ̀rọ náà á gbóná, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì já iná fúnra rẹ̀ kó má baà jó. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò padà.

Gíláàsì tó ń wọ́ bí ìgbín kò sábà nílò ẹ̀rọ tuntun. Ẹ sítáàtì ọkọ̀ kí ẹ tún un tẹ̀: bátìrì nìkan máa ń wà ní nǹkan bíi fóólìtì 12.6, àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń sún mọ́ 14. Tí ó bá yá sí i dáadáa, ẹ yẹ bátìrì wò. Tí kò bá yàtọ̀, ẹ wo rọ́bà tí gíláàsì ń rìn nínú rẹ̀, eruku Òṣogbo ti di bíríkì síbẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù àti ọṣẹ nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó gbẹ, kí ẹ fín sìlíkónì sí i. Ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, bó ti wù kí wọ́n fi dá yín lójú tó. Rọ́bà á wú, eruku á sì tún lẹ̀ mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wo tíńtì náà: tí etí rẹ̀ bá ti ká, òun ló ń há gíláàsì.

Tí òjò bá ń bọ̀ tí ẹ ò sì ráàyè wá okùnfà, ẹni méjì lè gbé e gòkè. Kí ọ̀kan tẹ bọ́tìnnì sókè, kí èkejì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì há gíláàsì láàárín, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, kó máa fà á sókè. Kí ìka má sún mọ́ òkè fèrèsé, nítorí ẹ̀rọ tó ti kú lè jí lójijì. Bó bá ti dé òkè, ẹ fi téèpù fífẹ̀ dì í mọ́ orí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, tí oníṣẹ́ bá tú ilẹ̀kùn, ẹ ṣọ́ ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ sẹ́yìn bébà ilẹ̀kùn. Wọ́n máa ń ya á jù sílẹ̀ bí ọ̀rá ẹ̀kọ. Òun ni kì í jẹ́ kí omi òjò wọ inú ọkọ̀, ẹ ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ padà.

Tí wọ́n bá sì yọ orí bátìrì lásìkò iṣẹ́, ẹ má bẹ̀rù bí gíláàsì tó máa ń dá gòkè fúnra rẹ̀ bá gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, tàbí tó ń dé òkè tó tún ń padà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ títí tó fi dé òkè, tí ẹ ò sì yọwọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi márùn-ún, yóò rántí.

Tó bá wá di dandan kí ẹ ra tòkunbọ̀, kí ẹni tó ń tà á so ó mọ́ bátìrì níwájú yín, kó yí sọ́tùn-ún, kó yí sósì. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ, kí ẹ fi wéra: ti ọ̀tún kì í wọ òsì, ti iwájú kì í wọ ẹ̀yìn. Mo mọ èyí dáadáa. Máṣíìnì mi àtijọ́, tó yè kooro, ṣì wà nínú bùútù mi di òní. Oṣù tó kọjá, ti ọkọ̀ àbúrò mi kú, ọkọ̀ wa sì jọra bí ìbejì. Inú mi dùn, mo gbé e lọ fún un ní Ìgbọ̀nà. Ti èrò ni tiẹ̀.